Bí Àga Ìrọ̀gbọ̀kú Ṣe Dáyé

Àga ìrọ̀gbọ̀kú ni àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yí. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè gbé ẹ̀yìn náà nàró nígbà tó bá ń jẹun tàbí tó ń kọ̀wé, ó sì lè dà á sẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ na ara. Ohun mẹ́ta péré ló yà á sọ́tọ̀ lára àga lásán: ẹ̀yìn tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ibi tí ìdí ń gbé, ìdè tó so méjèèjì pọ̀ tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀yìn lè yí, àti ohun kan tó ń dá ẹ̀yìn náà dúró síbi tí a bá fẹ́. Kò sí èyí tó ga ju agbára káfíńtà ìgboro Ìkẹ̀rẹ́ tàbí Èmùré ní Èkìtì lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ó pẹ́ gan-an kí irú àga bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀, nítorí ìsinmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tìtorí rẹ̀ ṣe àga. Ipò ni.

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹní àti àpótí ló wà fún tẹrú-tọmọ. Orí àpótí ni wọ́n ti ń dáná, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹkùrọ́, orí rẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò. Àpótí kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rẹ̀ a fà á sún mọ́ ògiri, a sì fẹ̀yìn tì í, tàbí kó fẹ̀yìn ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọlọ́lá pàápàá kò kúrò nídìí àpótí. Nínú àwọn ohun àtijọ́ Ilé-Ifẹ̀ tó wà ní British Museum ní London ni àpótí kan wà tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, èyí tí Ọọ̀ni fún Gómìnà Gilbert Carter ní nǹkan bí ọdún 1896. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù ni, ó sì ní ọwọ́ róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀yìn lè sinmi lé lára rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àga ọba bó ṣe rí ní gúúsù Èkìtì, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni kó wò. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ní nǹkan bí ọdún 1873. Ó wá sí Ìsẹ̀, ó sin Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn títí ó fi kú ní 1938. Láàrin 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀. Lára òpó náà, ọba jókòó lórí àga, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà sórí adé. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé àga. Ọba kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tí gbogbo ìlú ń wò. Ẹ̀yìn àga náà wà láti fi ibi tí agbára wà hàn, kì í ṣe láti gba ẹ̀yìn rẹ̀ dúró.

Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà ní ìtàn àga tirẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ya bí Ògògà ṣe gba òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Captain Ambrose, lálejò: ọba wà lórí àga, àlejò wà nínú ohun tí àwọn aláàárù fi ń gbé e rin. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní London. British Museum rí i, ojú wọn kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ògògà ìgbà náà, Ọba Onijagbo Obasoro Alowolodu, tó wà lórí oyè láti 1890 sí 1928, kò gbowó lórí rẹ̀. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan lára iṣẹ́ ọnà tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ṣe di ohun tí wọ́n fi àga gbà. Láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n àga ni ọlá tó ń fún ẹni tó bá jókòó lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Aṣáńtì ní àga tí wọ́n ń pè ní asipim àti akonkromfi, tí wọ́n wo àga àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ṣe, tí wọ́n sì fi ìṣó bàbà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ akonkromfi gba ara wọn kọjá bíi ti àga tó ń ká, ṣùgbọ́n kò ṣeé ká. Àwòrán ìṣípòpadà ló wà níbẹ̀, ìṣípòpadà fúnra rẹ̀ kò sí. Àga kan wà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà tó sún mọ́ ìrọ̀gbọ̀kú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó fífẹ̀ méjì péré ni. Wọ́n lu ihò gbọọrọ sára ọ̀kan, wọ́n sì ti ìrù ìkejì bọ inú ihò náà. Bí ènìyàn bá ti jókòó, ìwúwo rẹ̀ a fún pákó méjèèjì mọ́ra, ẹ̀yìn a sì dà díẹ̀. Kò sí ìṣó, kò sí àtè. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe dà náà ló ṣe máa dà títí láé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yanjú àléébù yìí lọ́nà tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1866, Warington Taylor, tó ń ṣe àbójútó ilé-iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ilé ti William Morris, rí àga kan lọ́dọ̀ káfíńtà àgbà kan ní Sussex tó ń jẹ́ Ephraim Colman. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Philip Webb, ẹni tó ń ya àwòrán iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn sì tún un ṣe. Orúkọ Morris ni àga náà ń jẹ́ títí dòní, káfíńtà tó ni ọgbọ́n rẹ̀ kò sì lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìdè bíi ti ilẹ̀kùn ló so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ọ̀pá kan dábùú lẹ́yìn, ó gbé ara lé apá àga lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀yìn dà sí i, wọ́n á yọ ọ̀pá náà kúrò níbi tó wà, wọ́n á sì fi í sí ibi tó tẹ̀ lé e.

Láàrin nǹkan bí ogójì ọdún sígbà náà, àga kánfáàsì tó ń ká ti gba orí àwọn ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọkọ̀ yìí ló ń gbé àwọn òyìnbó ìjọba àti oníṣòwò wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn káfíńtà ìbílẹ̀ wo àga náà, wọ́n sì rí i pé kò sí awo nínú rẹ̀. Férémù onígi méjì ni wọ́n dè pọ̀ láàrin kí wọ́n lè máa ṣí, kí wọ́n sì máa pa dé. Aṣọ líle rọ̀ láti òkè àga náà dé iwájú rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn tó ń bọ́ sínú eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gé sára férémù ìsàlẹ̀. Eyín tí wọ́n bá fi í sí ló ń pinnu bí ẹ̀yìn yóò ṣe dà tó. Irú àga yìí ló wá di àga bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé: òun ni wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun náà ni ọmọdé kì í gbójú gbóyà jókòó sí tí bàbá bá wà nílé. Ó dára fún oorun, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ tó bá pẹ́. Ìbàdí a wá rì, eegun ẹ̀yìn a tẹ̀ kọdọrọ, àgbàlagbà a sì máa wá ẹni tí yóò fà á dìde.

Ní 1928, ní ìlú Monroe ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, Edward Knabusch àti ìbátan rẹ̀ Edwin Shoemaker gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀. Pákó àpótí tí wọ́n fi ń kó ọsàn ni wọ́n fi dán an wò. Àga tiwọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni dìde lọ yí ọ̀pá lẹ́yìn: bí ẹni tó jókòó bá ti fẹ̀yìn tì í, ẹ̀yìn àga a dà, ìjókòó náà a sì bá a lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni àga onípákó yẹn ń tà, nítorí ìta ni wọ́n ń gbé e sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi tìmùtìmù bò ó kó lè wọ inú ilé. Ilé-iṣẹ́ La-Z-Boy ló ti ibẹ̀ jáde.

Títí di ìgbà náà, káfíńtà ló ń fi ojú wọn ohun tó tu ẹ̀yìn lára. Àwọn oníṣègùn ló wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Eegun ẹ̀yìn kò tọ́ gbọnrangandan. Nígbà tí ènìyàn bá dúró, ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ níbi ìbàdí. Bí ó bá jókòó tó sì tẹ̀ ba, ibẹ̀ a yí sẹ́yìn, kerekere tó wà láàrin àwọn eegun náà a sì fún pọ̀ lápá kan bíi tìmùtìmù tí wọ́n jókòó sí etí rẹ̀. Ní 1953, J. J. Keegan ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara wo eegun ẹ̀yìn ní oríṣiríṣi ìjókòó. Ó rí i pé ara ń balẹ̀ jù nígbà tí igun tó wà láàrin itan àti àyà bá tó nǹkan bíi dígíríì 135, èyí tó fẹ̀ ju dígíríì 90 tí àga ilé ìwé ń fi dandan lé lọ. Ní ilẹ̀ Sweden, Alf Nachemson fi abẹ́rẹ́ wọn agbára tó ń tẹ kerekere náà lára ènìyàn alààyè. Ó ní ìjókòó láìfẹ̀yìntì ń tẹ̀ ẹ́ ju ìdúró lọ. Nígbà tí Hans-Joachim Wilke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wọ̀n ní Jámánì ní 1999, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ láàrin ìjókòó àti ìdúró. Lórí ohun kan, ẹnu wọn kò: bí ẹ̀yìn bá dà tó sì rí nǹkan sinmi lé, ìnira a dín kù.

Ìmọ̀ yìí ló so èso nínú àga ọ́fíìsì òde òní. Bill Stumpf àti Don Chadwick, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ àga Herman Miller, kọ́kọ́ ń wá àga fún àwọn arúgbó tí ìjókòó pípẹ́ ń dá egbò sí lára. Wọ́n rí i pé fóòmù tó nípọn ló ń há ooru mọ́ ara. Wọ́n fi àwọ̀n tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé rọ́pò rẹ̀, ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ló sì di àga Aeron ní 1994. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Steelcase mú àga Leap jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kàn án dà lódindi: òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè máa bá ìbàdí àti èjìká lọ bí ẹni tó jókòó bá ṣe ń mira.

Àga bẹ́ẹ̀ wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò kọjá ilé iṣẹ́ káfíńtà Èkìtì. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ẹni tó máa lò ó. Gíga ìjókòó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn orúnkún mu, láàrin 40 sí 45 sẹ̀ǹtímítà fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀ dáadáa. Bí ènìyàn bá fẹ̀yìn tì í tán, ó yẹ kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Ẹ̀yìn àga yẹ kó yọ síta díẹ̀ níbi ìbàdí, ní nǹkan bí 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sókè ìjókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àga pálọ̀ ti ń kùnà, nítorí fóòmù wọn tẹ́jú láti òkè délẹ̀. Eyín mẹ́ta ti tó: ọ̀kan fún iṣẹ́, tí ẹ̀yìn yóò fi dà díẹ̀ ju nínàró lọ, ọ̀kan fún ìwé kíkà tàbí ìròyìn, ọ̀kan fún oorun ọ̀sán.

Igi náà ṣe pàtàkì. Agbègbè Ìsẹ̀ kò jìnnà sí igbó, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ igi tó yẹ iṣẹ́. Ìrókò tàbí apá ló yẹ fún apá àga àti ibi tí wọ́n gé eyín sí, nítorí ìwúwo ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í ló ń bọ́ síbẹ̀. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ. Dípò fóòmù tó ń mú ènìyàn làágùn, pàǹkẹ́rẹ́ híhun lè wà ní ẹ̀yìn: ó ń tẹ̀ bá ara lọ, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì lè tún un hun bó bá já.

Ìwọ̀n tó dára pàápàá kò ní kí ènìyàn jókòó gbagidi sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Kerekere ẹ̀yìn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń bọ́ ọ bíi ti ẹran ara. Títẹ̀ àti dídẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn tó ṣeé yí fi sàn ju ẹ̀yìn tó dúró lójú kan lọ, bó ti wù kí ìyẹn dára tó: ó ń fún ẹni tó jókòó láyè láti pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀ láìdìde. Ó sì tún yẹ kó máa dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.