pa … rẹ́

Ọ̀rọ̀ ìṣe elélà. Àárín ni àbọ̀ máa ń wà: “pa fáìlì rẹ́”, “pa á rẹ́”, “pa wọ́n rẹ́”. Bí kò bá gba àbọ̀, a máa ń kọ ọ́ pọ̀, ohun tí ó pòórá ni yóò sì jẹ́ olùwà: “Fáìlì náà ti parẹ́.”

Ìtumọ̀: Láti mú ohun tí a kọ tàbí tí a tọ́jú kúrò, tí kò fi ní sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé: a ń pa ohun tí a kọ sí pátákó rẹ́, a sì ń pa gbèsè rẹ́.

Ìlò: Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń sọ ohun tí “pa” ń ṣe.
“Pa fáìlì náà dé”: ó kúrò lójú, ṣùgbọ́n ó ṣì wà.
“Pa fáìlì náà mọ́”: a tọ́jú rẹ̀.
“Pa fáìlì náà rẹ́”: kò sí mọ́.
Ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, tàbí tí ó ṣì í kọ, lè mú kí òǹkàwé pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀.

Àmì ohùn: “Pa fóònù rẹ” kò ju pé kí a pa iná fóònù lọ, “rẹ” ibẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn òkè ni “rẹ́” ti ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ní. Bí méjèèjì bá pàdé, a kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan: “Pa fáìlì rẹ rẹ́.”

Ìyàtọ̀: Ẹni tí a “yọ kúrò” nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ṣì ní àkáǹtì tirẹ̀, a kò pa á rẹ́. Bákan náà, ohun tí a kó sínú àpò ìdọ̀tí Google Drive ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó parẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà àtimú un padà, ẹ fi “pátápátá” kún un.

Fún olùtúmọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún “Pa á rẹ́ fún mi”. Ẹ̀bẹ̀ ni òǹkàwé Yorùbá yóò gbọ́ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé “Bá mi pa á rẹ́.” Níbi tí WhatsApp ti ń béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ yóò ti kúrò, “Pa á rẹ́ lọ́dọ̀ mi nìkan” àti “Pa á rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn” ni ó yanjú. Bí ìyàtọ̀ yìí kò bá hàn, ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ lè rò pé òun ti pa á rẹ́, kí ó sì ṣì wà lójú ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí.