Kí Ẹ Tó Fi Kún Ilé Yín

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ilé ni a rà ní Kado, a kò ra àṣẹ láti yí ìta rẹ̀ padà bó ṣe wù wá.

Èmi gan-an ti ṣe é rí. Mo fẹ ibi tí mo ń gbé mọ́tò sí títí dé ojú gọ́tà, mo sì da kọnkéré bò ó. Nígbà tí òjò dé, omi ya wọ ilé aládùúgbò mi. Èmi ni mo fọ́ ọ, èmi náà ni mo san owó ìtúnṣe. Ìgbà náà ni mo tó lọ ka òfin.

Òfin ọdún 1976 tó dá olú-ìlú wa sílẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FCDA. Àwòrán ìlú Àbújá ti 1979 ló la ọ̀nà sílẹ̀ fún ilé, títì àti ojú àgbàrá. Ẹ̀ka Development Control ló ń yẹ àwòrán ilé wò, kí ẹnì kan má baà dí ọ̀nà ẹlòmíràn.

Láti 2005 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ ní Àbújá. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ti sanwó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, katakata wó ọ̀pọ̀ ilé tó lòdì sí àwòrán ìlú.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, gbé fẹ́ǹsì ga tàbí fi yàrá kún ilé:

1. Ẹ fi han aládùúgbò yín, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àdúgbò.
2. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé tó ní ìwé ẹ̀rí ya iṣẹ́ náà.
3. Ẹ gbé àwòrán àti ìwé ilé lọ sí Development Control, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó pe bíríkìlà.

Lẹ́tà ẹgbẹ́ kò lè dípò ìwé ìjọba. Ìwé ìjọba kò sì lè dípò ìfẹ́ aládùúgbò. Bó jẹ́ ọ̀dà lásán lẹ fẹ́ kùn, ẹ ṣì béèrè ná.

Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi owó wa ra ìbànújẹ́.