Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1923, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Newcastle ní 1955, ìyẹn ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Chike Obi, gba irú rẹ̀ ní Cambridge. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ni, tí ó sì ti ṣe ìwádìí. Ó papò dà ní 1992.

Functional analysis ni ẹ̀ka ìṣirò tí ó yàn láàyò. Fọ́ńṣọ̀n jẹ́ òfin tí ó ń sọ nọ́ńbà kan di òmíràn, bí èyí tí ó ní kí a sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì. Ẹ̀ka yìí kì í wo fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó máa ń kó wọn jọ, tí yóò sì wọn bí ọ̀kan ti jìnnà sí èkejì tó, àfi bí ìlú lórí àwòrán ilẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí kò bèèrè yàrá àyẹ̀wò olówó ńlá, ṣùgbọ́n ó bèèrè ìwé àti àkókò, èyí tí ó sábà máa ń ṣọ̀wọ́n fún olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀.

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni a ti ń kọ́ ìṣirò: ní 1982 ni ìjọba dá yunifásítì Ago-Ìwòyè, tí a mọ̀ sí Olabisi Onabanjo lónìí, sílẹ̀, tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ti Ogun Waterside fi lè kọ́ ìṣirò láìjìnnà sílé. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwádìí tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni olùkọ́ fi ń gòkè dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n.