Ẹ Tún Alùpùpù Ilé Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Gùn Ún Lọ sí Ọ̀nà Jíjìn

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ etílé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di ẹrù, tí baálé yóò sì gbé alùpùpù jáde láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn, tàbí láti Òṣogbo lọ sí Ìwó, kí ẹbí lè rí ara wọn. Alùpùpù tí à ń lò nílé wa, ọjà àti ibi iṣẹ́ ni a rà á fún. A kò rà á fún ìrìn wákàtí méjì pẹ̀lú ìyàwó lẹ́yìn àti ẹrù lórí káríà. Ṣùgbọ́n a lè tún un ṣe. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a óò lò, ẹ̀yìnkùlé yín àti ìsọ̀ fọ́kanáísà ni ẹ ó ti rí i, owó tí ó sì máa bá a lọ kò tó nǹkan.

Ohun kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ìyókù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ: aṣọ yín àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò gba ilẹ̀ bíi mítà méjì dín díẹ̀. Bí baálé yín bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, táyà náà yóò yí tó ìgbà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pe "Bìsìmílà" tán, etí ìborùn tí ó bọ́ sí àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípókù, ti wé mọ́ ọn tán, ọrùn tí ìborùn náà wà ni yóò sì fà.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù September ọdún 1927, ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé, oníjó ará Amẹ́ríkà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, Isadora Duncan, jókòó sínú mọ́tò tí kò ní òrùlé, ó fi ìborùn sílíkì gígùn sọ́rùn. Bí mọ́tò náà ti ń lọ, etí ìborùn kó sínú ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà sì ṣe kú. Mọ́tò ni ìyẹn o, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ súnmọ́ ènìyàn tó ti alùpùpù! Ní Bangladesh, Pakistan àti Índíà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi aṣọ gígùn bo orí àti èjìká bíi tiwa, àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí irú ìjàǹbá yìí ba ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìjọba Índíà fi kọ ọ́ sínú òfin ọkọ̀ wọn ti ọdún 1989 pé alùpùpù gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹni ẹ̀yìn yóò dì mú, ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé, àti ohun ìdábòbò tí yóò bo ìdajì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó kéré tán, kí aṣọ má baà kó sí i. Sárì, aṣọ àwọn obìnrin wọn, ni wọ́n fi ń pe orúkọ ìdábòbò náà. Àwọn Honda ti ilẹ̀ Japan ti ronú ohun tí ó jọ ọ́ ṣáájú: alùpùpù kékeré Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1958, inú ìdérí ni ṣéènì rẹ̀ wà, ó sì ní ike fífẹ̀ níwájú tí ó dáàbò bo ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń gùn ún. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ìdérí ṣéènì tí ó bá alùpùpù dé láti ilé ìtajà, ẹlòmíràn á tú u dànù nítorí pé ó ń dún gbangan-gbangan. Bí ti yín bá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ fún baálé kí ó dá a padà. Ariwo yẹn, pélébé túùbù àlòkù tí a tẹ́ sábẹ́ ìdè rẹ̀ ni yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ìdábòbò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò bá sí, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí ó ti ń jò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tí ó tẹ́jú jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé bí yóò ṣe rí, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ní apá òsì, níbi tí ṣéènì wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìfẹsẹ̀lé, kí ó lọ sẹ́yìn, kí ó sì ga dé abẹ́ àga. Ìgbà tí páálí bá bá a mu ni kí ẹ tó gé ike. Ní apá ọ̀tún, sàléńsà ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, ooru rẹ̀ yóò sì yọ́ ike; nítorí náà páànù pẹlẹbẹ tàbí àwọ̀n irin ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ká etí rẹ̀ kí ó má baà gé aṣọ tàbí ẹran ara. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sára irin alùpùpù. Kílíìpù irin tí àwọn tí ń ta páìpù omi ń tà ni kí ẹ fi dè é, pẹ̀lú pélébé túùbù láàárín.

Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn méjì jókòó lórí alùpùpù, kí ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nígbà tí àga bá rì nítorí ìwúwo, ṣé ìka méjì ṣì lè kọjá láàárín ìdábòbò àti táyà? Bí kò bá lè kọjá, ẹ sún un síta. Kí ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ìdúró ńlá rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì má ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà, kí ẹ sì tẹ́tí gbọ́ bóyá ó ń ha nǹkan.

Ìdábòbò kò wá ní kí aṣọ máa fẹ́ lẹ́lẹ́ o. Ẹ ki etí hìjáàbù bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ jalámíà kí ẹ lè ya ẹsẹ̀ jókòó, nítorí ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ jókòó kò ní ohun tí yóò fi di ara rẹ̀ mú bí alùpùpù bá bọ́ sí kòtò. Bí ó bá jẹ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ń wà á, ọ̀rọ̀ yìí kàn án bákan náà. Ọmọ ọwọ́ àti ọ̀já ńkọ́? Ẹ wá owó ọkọ̀, kí ìyá àti ọmọ wọ mọ́tò. Èmi kò mọ àtúnṣe kankan tí yóò mú alùpùpù yẹ ọmọ ọwọ́ ní ọ̀nà jíjìn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ìdí. Àga alùpùpù a máa le, lẹ́dà dúdú rẹ̀ a sì máa gbóná nínú oòrùn bí àgbádá dídín àkàrà. Àwọn tí ń fi alùpùpù rìnrìn àjò ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní òkè òkun máa ń tẹ́ awọ àgùntàn onírun lé e. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín irun náà kọjá, òógùn kì í sì í lẹ̀ mọ́ni lára. Ta ni ó yẹ kí ó mọ iyì awọ yìí ju àwa lọ, tí àwọn àlùfáà wa ti ń kírun lórí awọ àgbò láti ayé bàbá-ńlá wa? Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá, iná ni a fi ń wi irun àgbò, a ó sì jẹ awọ mọ́ ẹran. Bí ẹ bá fẹ́ awọ ti ọdún yìí, kí alápatà tó dé ni kí ẹ ti bá baálé sọ ọ́. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún Sàyídínà Aliyu láti fi ohunkóhun lára ẹran náà san owó iṣẹ́ alápatà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ní a kò gbọ́dọ̀ ta awọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé lè lò ó.

Ọjọ́ tí a bá bó awọ náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ha ọ̀rá àti ẹran kúrò lára rẹ̀, ẹ da iyọ̀ bo ojú ibi tí kò ní irun títí tí awọ kò fi hàn mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji. Bí ó bá di ọjọ́ kejì láìsí iyọ̀, yóò rà, irun rẹ̀ yóò sì máa re. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ wá kàn án mọ́ pátákó níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ ra á bí ó ti ń gbẹ kí ó lè rọ̀. Ẹni tí kò bá ní àyè, kí ó gbé e fún àwọn Hausa tí ń ṣe iṣẹ́ awọ, tí wọ́n ń fi èso bàgàrúwà ṣe é. Irun àgbò tiwa kò gùn, kò sì kún tó ti àgùntàn òyìnbó, nítorí náà ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Kí aránbàtà rán okùn mẹ́rin mọ́ ọn, kí okùn náà má sì gùn dé ibi sàléńsà tàbí táyà. Ẹ mú ọ̀rá ńlá kan dání fún òjò.

Fún ọwọ́ ẹni tí ó ń wà á, kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré tí a là sí méjì, ààbọ̀ kan níwájú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò gba òjò, afẹ́fẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ó má ṣe kan ìjánu.

Túùbù àlòkù ni ọ̀gá okùn. Bí ẹ bá gé e ní ìbú, ẹ ó rí róbà róbótó. Bí ẹ bá gé e ní gígùn, ẹ ó rí ìjá tí yóò di ẹrù mú ṣinṣin. Kí télọ̀ fi àpò ìrẹsì rán àpò méjì tí yóò sọ̀ sí ọ̀tún àti òsì lórí ìdábòbò yẹn, kí ìwúwo wọn dọ́gba bí ẹrù orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹrù wúwo kò gbọ́dọ̀ wà lókè káríà, nítorí yóò mú iwájú alùpùpù fúyẹ́; kò sì gbọ́dọ̀ bo iná ẹ̀yìn. Ẹ gé gbogbo etí róbà tí ó bá ń mì dirodiro. Páìpù ike nínípọn tí ó gùn tó apá, tí a dí ní ìdí kan, tí a sì fi ọmọrí sí èkejì, ni àpótí sípánà, pọ́m̀pù àti pátì lẹ́ táyà. Ẹ fún bùtà àlùwàlá ní àyè tirẹ̀. Ẹ má gbé epo bẹntiróòlù sínú ike rárá.

Àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú kan wà tí n kò fara mọ́: agbòòrùn tí a dè mọ́ alùpùpù, èyí tí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá kan lè fi ṣe ìgbòkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àṣíborí. Ní January ọdún 1909 kọ́, ọdún 2009 ni, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé àṣíborí, àwọn kan gé igbá, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n sì dé e! Àṣíborí gidi méjì, ẹnì kan ọ̀kan, ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìyàn jà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó dé, ẹ di ẹrù bí ẹ ó ti dì í, kí ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tí ìwé alùpùpù sọ fún ènìyàn méjì, nítorí ó máa ń ju ti ẹnì kan lọ, kí ẹ sì gùn ún dé abúlé tí kò jìnnà. Bí ẹ bá padà dé, ẹ fi sípánà kan ìdè kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ti tú díẹ̀, ẹ fún un, ẹ sì fi ọ̀dà kékeré sàmì sí i, kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúgbà tí ẹ bá dúró kírun lọ́nà.