Bí Ìjì Bá Rọlẹ̀ Lórí Òkun Kan, Ẹ Wo Èkejì

Lọ́dún 2020, ìjì 30 ló gba orúkọ lórí Òkun Àtìláńtíìkì, iye tí kò wáyé rí níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n tò sílẹ̀ tán, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì pè wọ́n. Àmọ́ ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ìjì kankan kò gba orúkọ ní ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì, lágbègbè Philippines, Ṣáínà àti Japan. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1951 tí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyanu ni, nítorí ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì ni ìjì ti ń jà jù lọ láyé. Nǹkan bí 25 ló máa ń gba orúkọ níbẹ̀ lọ́dún; ti Àtìláńtíìkì kò ju 14 lọ tí a bá pín èyí tó jà láti 1991 sí 2020 dọ́gba-dọ́gba. Irú ìjì kan náà ni. Èyí tó bá le ni wọ́n ń pè ní hurricane ní Àtìláńtíìkì àti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, tí wọ́n sì ń pè ní typhoon ní ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì.

Ọwọ́ El Niño àti La Niña

Ìjì ń fẹ́ omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkè yàtọ̀ jù sí ti ìsàlẹ̀. Bí El Niño bá dé, omi àárín àti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì á gbóná, ìjì ibẹ̀ á sì ráyè. Ṣùgbọ́n ooru yìí kan náà ló ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè le lórí Karibíánì, tí yóò máa fa ìjì Àtìláńtíìkì ya kó tó gbérí. Nígbà La Niña, tí omi ibẹ̀ máa ń tutù, irú èyí tó dé ní 2020, ọ̀rọ̀ á yí padà. William Gray, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ El Niño yìí ní 1984.

Ọdún 2015 jẹ́rìí sí i. El Niño le gan-an: ìjì 11 péré ló gba orúkọ ní Àtìláńtíìkì, 26 sì jà ní àárín àti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì. Ọ̀kan nínú wọn, Patricia, fẹ́ dé kìlómítà 345 ní wákàtí kan.

Èéfín náà lọ́wọ́ sí i

Láti ìgbà tí ọdún 1970 wọlé títí di 1994, Àtìláńtíìkì rọlẹ̀ díẹ̀. Láti 1995 ló ti gbóná. Àwọn kan ní ìyípadà òkun fúnra rẹ̀ ló fà á. Ní 2022, Hiroyuki Murakami ti NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, tún tọ́ka sí èéfín ilé-iṣẹ́. Èéfín máa ń dí oòrùn lọ́wọ́, omi á sì tutù. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà dín èéfín wọn kù, oòrùn ráyè, ìjì Àtìláńtíìkì sì fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní Éṣíà, èéfín pọ̀ sí i, ìjì ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì sì fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ilẹ̀ wa náà wà níbẹ̀

Lásìkò òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń gba orí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá lọ sójú òkun. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn hurricane tó le jù ní Àtìláńtíìkì, ara ìgbì wọ̀nyí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé Cuba tàbí Florida.

Iye ìjì nìkan kọ́ ni òdiwọ̀n ewu. Ní 2013, hurricane ńlá kankan kò jà ní Àtìláńtíìkì. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni typhoon Haiyan pa èèyàn tó lé ní 6,000 ní Philippines.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá wo Àtìláńtíìkì nìkan, tó ní ìjì ti pọ̀ láyé, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ Pàsífíìkì. Nǹkan bí 80 sí 90 ló ń jà kárí ayé lọ́dún, iye náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí ayé tó ń gbóná ń yí padà ni agbára wọn: èyí tó le gan-an ń pọ̀ láàárín wọn, òjò wọn sì ń wúwo sí i. Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjì, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkun kejì.