KORÍKO NI WỌ́N PE Ẹ̀FỌ́ TÓ Ń ṢÈWÁDÌÍ RẸ̀! Ní báyìí, àmì ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi ló ti fi gbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fólóko. Òwe yìí ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan láti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà wọ yunifásítì láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀dú tí olóko mọ̀ bí ẹni mowó, àwọn ọ̀mọ̀wé ò kà á sí nǹkan kan. Kábéèjì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, kárọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kọ́ wọn. Tẹ̀tẹ̀ o, ewédú o, ẹ̀kùyá o, gbogbo ẹ̀fọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sè fún un nílé, koríko ni wọ́n pè é, wọ́n ní kí àgbẹ̀ tó bá gbọ́n fà á tu dànù.

Mary Abukutsa-Onyango lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ọdún 1959 ni wọ́n bí i sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ẹ má rò pé ó kàn dédé fẹ́ràn ẹ̀fọ́ o. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ò ti gba ohun tó bá ti ara ẹranko jáde. Bó bá fi jẹ ẹran tàbí ẹyin, tó bá mu wàrà, àìsàn ló máa dá sílẹ̀. N ni ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀ bá gbájú mọ́ ẹ̀fọ́, òun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó gba ẹ̀mí ẹ là, tí wọ́n wá ń pè ní koríko níṣojú ẹ, ṣé ó máa dákẹ́ ni?

Kò dákẹ́. Ó kàwé ní Yunifásítì Nairobi, ó tún kọjá sílùú ọba, ó gboyè dókítà ní Wye College tó wà lábẹ́ Yunifásítì London nígbà náà. Nígbà tó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Maseno, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso ní Yunifásítì Jomo Kenyatta tó wà ní Juja. Ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ ló kó lé. Bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ohun tí onímọ̀ fi ń wá orúkọ nìyẹn. Tẹ̀tẹ̀ tiwa yìí, orúkọ tí òyìnbó ń pe ìdílé rẹ̀ jọ ti koríko tí wọ́n ń fún ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀dú ńkọ́? Àwọn ìwé wọn mìíràn tilẹ̀ ní májèlé ni.

Ohun tí ìwádìí obìnrin yìí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ló pa àwọn ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́. Èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun àti èyí tó ń gbé eegun ró pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ju inú kábéèjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni fítámìn A tó ń ṣe ojú lóore. Wọn kì í sì í pẹ́ lóko. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgbẹ̀ ti ń já a, owó ti ń wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni irúgbìn. Àwọn àgbẹ̀ ò rí irúgbìn tó dáa rà, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣètò irúgbìn koríko. Mary wọ oko tọ̀ wọ́n lọ, ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbìn ín, bí wọn yóò ṣe tọ́jú irúgbìn tó jíire, tí wọn yóò sì máa tà á fáwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, oyè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Lọ́dún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kwame Nkrumah tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2014, Edinburgh ní Scotland fún un ní mẹ́dààlì ìlú wọn, irú èyí tí Wangari Maathai, ọmọ Kẹ́ńyà bíi tiẹ̀, gbà lọ́dún 1993. Yunifásítì rẹ̀ náà ò fi í sẹ́yìn, wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwádìí. Ẹni tó ń ṣèwádìí koríko ló wá di ẹni tí gbogbo olùwádìí ibẹ̀ ń kí ní ọ̀gá!

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló jèrè ẹ. Ní Nairobi, ẹ̀fọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀ ti wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé oúnjẹ ńlá sì ń sè é. Ewédú tiwa yìí náà wà lára ẹ, mrenda ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé o. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìyá olóko wa. Ta ló kọ́ wọn pé kí wọ́n rẹ irúgbìn ewédú sínú omi gbígbóná kí wọ́n tó gbìn ín, kó lè tètè hù? Kò sí yunifásítì tó kọ́ wọn. Ọgbọ́n ọwọ́ ìyá wọn ni, àwọn onímọ̀ sì ti dán an wò, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ní ẹ̀fọ́ lòun fẹ́ kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi kọ́.

Kẹ́ni tí wọ́n bá tún sọ bẹ́ẹ̀ fún rántí Mary. Kó sì dá wọn lóhùn pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.