Owó Oṣù Ẹnjiníà Tí Ń Padà Bọ̀ Wá Sílé: Èló Ni Kí Ó Béèrè?

Ẹ̀yin ará wa, ní ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun bá wálé sí Kabba, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Búnú, ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹnjiníà inú wọn kì í ṣàì béèrè: “Bí mo bá padà wálé pátápátá, èló ni kí n béèrè fún gẹ́gẹ́ bí owó oṣù?” Ìbéèrè yìí kò kan ẹni tí ń padà bọ̀ nìkan. Ó kan ìyàwó àti ọmọ tí yóò bá a wá, ó sì kan òbí tí ń retí rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè iye tí kò sí ẹni tí ó lè san án, ilé ni yóò jókòó sí láìríṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un lè fi ìkorò ọkàn padà sí ibi tí ó ti wá kí ọdún tó yí po.

Ojú àtijọ́ ni àwọn àgbà kan fi ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1980, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ, ìjọba àpapọ̀ sì ń kọ́ ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta lọ́wọ́. Ẹnjiníà tí ó padà wálé nígbà náà kò pàdánù púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP ti dé ní ọdún 1986 ni náírà ti ń relẹ̀. Nítorí náà, ohun tí bàbá rí gbà kọ́ ni ọmọ yóò rí gbà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé kí a sọ owó oṣù òkè òkun di náírà ní tààrà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ ẹnjiníà kan tí ń gba 45,000 pọ́n-ùn lọ́dún ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ bá ti yọ owó-orí àti owó adójútòfò, nǹkan bí 3,000 pọ́n-ùn ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀ lóṣù. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, mílíọ̀nù 6 náírà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mílíọ̀nù 6 ni ó ń kó jọ. Owó ilé, owó iná, ọkọ̀, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá ku 500 pọ́n-ùn ní ìparí oṣù, mílíọ̀nù 1 náírà ni ó ń kó jọ ní tòótọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni pé: owó oṣù wo ni yóò gbọ́ bùkátà mi nílé, tí yóò sì tún ṣẹ́ mílíọ̀nù 1 kù? Ohun tí ó ṣẹ́kù ni kí a fi wéra, kì í ṣe ohun tí wọ́n san.

Kí ó sì ka bùkátà ilé pé: jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, kànga ẹ̀rọ, owó ilé-ìwé ọmọ, àti owó ilé ìwòsàn. Ibi tí iṣẹ́ wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ní Obajana, tí ó lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16.25 lọ́dún, kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 ni ó so ó mọ́ Kabba. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ sí irú ibẹ̀, tí ó sì ń gbé ilé bàbá rẹ̀, lè kó owó jọ ju ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù tirẹ̀ lọ ní Èkó tàbí Abuja. Ní ti iṣẹ́ ìjọba, ìpele ni a fi ń san owó. Kí ó béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún un, bóyá a óò ka ọdún tí ó lò lókè òkun mọ́ ìpele rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kí ó tó wálé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1970 láti máa ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà. Kí ó má sì fi ara rẹ̀ pọ́n-ọn-lé kékeré. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí ọmọ wa bá ní irú ìrírí kan náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú agbanisíṣẹ́.

Kí ó tún mọ ohun tí a óò yọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì dá 10. Lábẹ́ òfin owó-orí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, a kì í gba owó-orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Lórí ìyókù, ó ń gòkè láti 15 títí dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí tí ó léwu jù ni ìṣubú náírà. Ẹni tí ó gbà láti máa gba mílíọ̀nù 1 náírà lóṣù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó rẹ̀ ju 2,000 dọ́là lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, kò tó 700 mọ́. Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn sọ pé a óò máa tún owó oṣù náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ilé, ọkọ̀, ìtọ́jú ìlera àti owó ilé-ìwé tí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san kì í tètè dínkù bí owó ọwọ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹbí, ẹ má ṣe máa retí owó òkè òkun lọ́wọ́ ẹni tí ń gba owó ilé. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá gba ìmọ̀ràn, ẹ bá a ṣírò, ẹ má sì gbé ẹrù owó ìkọ́lé ńlá lé e lórí ní ọdún àkọ́kọ́. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko; ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bọ̀ rí ibi sinmi.